Láti Ẹ̀bùté-Mẹ́ta dé Ẹsẹ̀ Olúmọ

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1867. Lọ́jọ́ náà ni àwọn ará ìlú dìde sí àwọn onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ya wọ ilé àwọn òyìnbó oníwàásù, wọ́n kó o, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròhìn jẹ́. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọ̀rọ̀ yìí títí dòní. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá tó ti gba ẹ̀sìn Kírísítì náà kò lè dúró mọ́, wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n dojú kọ Èkó. Glover ló ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, òun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà. Ó fún àwọn asásálà yìí ní ilẹ̀ ní òdìkejì ọ̀sà, lórí ilẹ̀ ìdílé Olótò, ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Wọ́n gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀. Ìjọ St Jude tí a ń rí níbẹ̀ lónìí, inú àdúrà àwọn asásálà yẹn ló ti jáde.

Ìdílé bàbá mi wà nínú wọn. Èmi tí mò ń kọ èyí, àdìrẹ ni mò ń tà ní ọjà Tejúoṣó ní Yábàá. Ìtòkú, nísàlẹ̀ àpáta Olúmọ, ni mo ti ń rà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń lọ, tí mò ń bọ̀, tí mò ń wo àpáta yẹn láti ọjà bí ẹni ń wo ògiri ilé aládùúgbò. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìtàn ni mo wá mọ̀ pé ọ̀nà tí mò ń tọ̀ nítorí ọjà ni àwọn tó bí mi tọ̀ nítorí ẹ̀mí wọn. Láti ìgbà náà, n kò kàn ń ra aṣọ kí n sì máa bọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fa Ìfọ́lé, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ìjà ẹ̀sìn lásán ni. Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 1865, nígbà tí ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Gólóbà rán sójà lọ, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tú àwọn Ẹ̀gbá ká. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n dé egungun. Títí di ìgbà náà, ọ̀rẹ́ ni wọ́n ka Gẹ̀ẹ́sì sí. Ọdún yẹn náà ni George William Johnson, Sàró kan láti Sierra Leone tó mọ iṣẹ́ aránṣọ, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa gba owó ibodè, tí yóò sì máa bá ìjọba Èkó kọ̀wé bí ìjọba sí ìjọba. Gólóbà kò gbà fún wọn. Ńṣe ló ń ti ààlà Èkó síwájú, tó ń fi ọlọ́pàá sí ojú ọ̀nà tí Ẹ̀gbá mọ̀ ní tiwọn. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, orí àwọn oníwàásù ni ìbínú náà sọ̀ kalẹ̀ sí, nítorí pé lójú ẹni tí òyìnbó bá rẹ́ jẹ, òyìnbó kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

N kò dá àwọn tó fọ́lé láre. Àmọ́ n kò lè máa yin Gólóbà ní olóore bí wọ́n ṣe máa ń yìn ín nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹni tó fún wa nílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta wà lára àwọn tó mú kí a pàdánù ilé wa ní Abẹ́òkúta. Òtítọ́ méjèèjì ló yẹ kí ọmọ wa mọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀ báyìí. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson wà ní Alágoméjì, kò jìnnà sí Lókò, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ayé àtijọ́ ń gbé. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin àkọ́kọ́ láti Ìddó, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Tuntun tí à ń wọ̀ yìí, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn. Bí ó bá ti kúrò ní Alágoméjì, á kan Agége, á kan Agbádó, lẹ́yìn náà ni igbó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú fèrèsé. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n fi sọ àwọn ibùdókọ̀ náà. Ti Papalańtọ́ ń jẹ́ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ti Abẹ́òkúta, ní Láderin, ń jẹ́ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1934.

Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá dúró ní Papalańtọ́, Muṣin ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ní ojúlé 14, Agége Motor Road, ní Ìdí-Orò, ni Fẹlá olórin, ọmọ Fúnmiláyọ̀, dá ilé Kàlàkútà rẹ̀ sílẹ̀ sí. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977 ni àwọn sójà ya bo ilé náà, tí wọ́n ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀. Kò gbádùn lẹ́yìn náà mọ́ títí tó fi jáde láyé ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Obìnrin tó gbé ìjà àwọn ìyálọ́jà dé ààfin Aké, tí ọba kò rí gbé ṣe, Muṣin ni wọ́n ti ṣe é léṣe. Àwa ará Mainland kì í ka ìtàn Abẹ́òkúta mọ́ tiwa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní àdúgbò wa.

Láti Láderin, mọ́tò ni a ó wọ̀ wọ ìgboro. Kí ènìyàn tó dé Ìtòkú ni yóò ti rí àpáta náà, dúdú, ràbàtà, tó yọrí sókè láàárín àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 137 sí ojú òkun. Àwọn àlejò máa ń retí ohun tó ga jù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gíga rẹ̀ ló gba ènìyàn là.

Ogun ló lé Ẹ̀gbá dé ibẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, inú Igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n wà, ìlú wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, oníkálukú pẹ̀lú ọba tàbí olórí tirẹ̀. Lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, títí Lísàbí fi fi ẹgbẹ́ àáró kó àwọn àgbẹ̀ jọ, tí wọ́n pa àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, ìlú Òwu fọ́, àwọn ọmọ ogun tó fọ́ ọ kò sì tú ká. Wọ́n yíjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣẹ́kù bá àwọn ológun wọ̀nyẹn gbé Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, ojú pọ́n wọn níbẹ̀, ni Ṣódẹkẹ́ ọmọ Ìporò bá kó wọn jáde. Ọdún 1830 ni wọ́n dé abẹ́ Olúmọ. Wọ́n bá ènìyàn níbẹ̀: Ìdòwú Líperú, tó ti sọdá Odò Ògùn wá ṣáájú wọn, àti àwọn ọdẹ mẹ́ta, Jìbúlù, Ọ̀ṣẹ́ àti Olúńlé. Oko ará Ìtọ́kò kan ni ibẹ̀ kí ó tó di ìlú. Àwọn Òwu wá bá wọn ní nǹkan bíi 1834, láti ìgbà náà ni Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ti jọ ń gbé ojú kan náà, tí kálukú kò sì gbàgbé orúkọ ìlú tó ti wá.

Tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, ẹ má sáré gun òkè. Ohun tó ṣe pàtàkì kò sí lórí, abẹ́ ló wà. Ihò kan wà lábẹ́ òkúta tí òrùlé rẹ̀ kúrú, tó jẹ́ pé ẹni gíga gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ ibẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbé nígbà ogun, tọkọ taya tọmọ. Afinimọ̀nà yóò fi àwọn ojú kòtò kéékèèké hàn yín nínú òkúta ilẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gún ata. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan nínú wọn. Ìkúùkù mi wọ̀ ọ́ ṣinṣin. Ẹnu rẹ̀ ṣe rágbá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti fi se ọbẹ̀ láti ìran dé ìran. Òkúta líle ni o. Kì í ṣe ìlọ̀ta ọjọ́ méjì ló gbẹ́ ihò bẹ́ẹ̀. Mo ronú pé ẹni tó ń gún ata níbẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní yóò máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ogun lóde, tí kò sì lè jẹ́ kí ọmọ kékeré ké sókè. Ìwé kankan kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé kọ orúkọ Ṣódẹkẹ́, ó sì tọ́ kí ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ata yẹn náà wà lára ohun tó gbé ìlú ró.

Ojúbọ Olúmọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì epo àti ìyẹ́ ẹyẹ lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ìyá olórìṣà àti ìdílé wọn ń gbé ìsàlẹ̀ àpáta, nínú ilé tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń sá aṣọ. Onígbàgbọ́ ni mí, ọmọ àwọn tí wọ́n lé nítorí ìgbàgbọ́, síbẹ̀ mo máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ìyá mi. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á ṣàdúrà fún ọjà mi, n ó sì ṣe àmín. Bí àwọn baba ńlá wa bá ti mọ bí a ṣe ń ṣe èyí ní 1867, bóyá kì bá sí Ìfọ́lé.

Láti ibẹ̀, ẹ ó gba pàlàpálá kan tó há, tí ènìyàn fi ń yí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó kọjá, kí ẹ tó máa gòkè. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni mo máa ń tọ̀. Lórí ténté, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, Odò Ògùn ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán, ilé ìṣọ́ St Peter ní Aké ń yọrí, àwọn mọ́ṣáláṣí ń yọrí. Gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò níbẹ̀. Kò burú.

Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Dublin fi fọ́tò òkè kan ránṣẹ́ sí mi láti ilẹ̀ Áyálándì. Tara ni wọ́n ń pè é. Òkè tí koríko bò ni, kò ga, òkúta kan dúró sójú kan lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lia Fáil, níbi tí ìtàn wọn sọ pé wọ́n ti ń fi ọba àtijọ́ jẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1843, ogunlọ́gọ̀ ará Áyálándì pé síbẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Daniel O'Connell, tó ń jà pé kí Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìgbìmọ̀ wọn padà fún wọn. Ọdún 1843 kan náà yẹn ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, tí Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ àbúrò mi náà sọ pé àgùntàn ló ń jẹ̀ káàkiri Tara báyìí, kò sí ẹni tó ń gbé orí rẹ̀. Mo ní kí ó wá wo Olúmọ, níbi tí ènìyàn kò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ òkúta láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀tá kò gbìyànjú láti lé wọn. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851 ni Gézò ọba Dàhòmì gbé ogun wá, àwọn obìnrin sì wà lára akọni rẹ̀. Ibodè Arò ni wọ́n gbà wọlé ìjà. Wọ́n ní nígbà tí Ẹ̀gbá mọ̀ pé obìnrin ló ń bá wọn jà, ojú tì wọ́n, inú sì bí wọn, ìjà wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dàhòmì sá. Ní 1864, Gẹ̀lẹ̀lẹ́ ọmọ Gézò tún padà wá, wọ́n tún lé e. Nínú ogun ti 1864 yìí ni Ẹfúnróyè Tinúbú ti fi ìbọn àti ẹ̀tù ran ìlú rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde. Ẹ rántí pé Èkó ni wọ́n ti lé Tinúbú ní 1856, Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni o. Ó gbà á lọ sókè ní 1856, àwọn baba wa gbà á wá sísàlẹ̀ ní 1867. Oníṣòwò bíi tèmi ni, mo máa ń ronú sí i pé ó pàdánù gbogbo ọjà tó ní ní Èkó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó sì tún là. Ó kú ní 1887, Abẹ́òkúta ni wọ́n sin ín sí.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ má wọ mọ́tò padà. Aké kò jìnnà. Níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì St Peter wà, tí wọ́n máa ń pè ní ilé ìsìn Kírísítì àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1847, wọ́n parí rẹ̀ ní 1850. Ní oṣù kẹjọ 1846, Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther jọ wá láti tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Ọdún 1821 ni wọ́n ti kó Crowther lẹ́rú ní Òṣòógùn, tí ogun yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dé Abẹ́òkúta ni ìyá náà, Afálà, gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó sì tọ̀ ọ́ wá. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ni wọn kò fi rí ara wọn. Wọ́n di mọ́ra, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ní 1848, ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Mo ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ojú kan náà ni ayọ̀ ìyá yẹn àti ẹkún àwọn tiwa ní 1867 ti ṣẹlẹ̀.

Aké náà ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́ ní Ìfọ́lé. Ẹgbẹ̀rún mélòó ènìyàn ni ì bá ti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sí i tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀! Ó máa ń dùn mí.

Ààfin Aláké wà nítòsí. Ní 1849, ọbabìnrin Victoria fi Bíbélì méjì ránṣẹ́ sí àwọn olóyè Ẹ̀gbá, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Lárúbáwá, ọkọ rẹ̀ Albert sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo kún un. Iwájú ààfin yìí ni àwọn obìnrin jókòó sí, tí wọ́n kọrin, tí wọ́n kọ̀ láti lọ, ní 1947 àti 1948. Owó orí ni wọ́n ń jà lé. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, sílè méjì àti sísì lọ́dún, bẹ́ẹ̀ obìnrin kan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣíwájú wọn. Aládìrẹ, alárọ́bọ̀, alágbo, gbogbo wọn ló tẹ̀lé e. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949 ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó di òpin ọdún 1950 kí ó tó padà. Wọ́n sì mú owó orí obìnrin kúrò.

Mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ ní Ìtòkú. Ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù.

Ìlú tí ogun kó jọ ni Abẹ́òkúta. Oríṣiríṣi ọwọ́ ló pàdé níbẹ̀, iṣẹ́ aró sì gbèrú gan-an ní Kémta àti Ìtòkú. Nígbà tí aṣọ funfun láti ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́pọ̀lọpọ̀, tó sì rọrùn láti rà, àwọn obìnrin rí ojú aṣọ tí wọ́n lè fi ya ohun tó bá wù wọ́n. Nínú àdìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi ń di aṣọ kí aró má bàa wọ ojú tí wọ́n dì. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni wọ́n ń rò bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya á sójú aṣọ. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún máa ń gé àwòrán sínú páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ pa á, àwọn ọkùnrin ló sì sábà ń ṣe ti páànù yìí. Ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún tí wọ́n sì sá gbẹ, pẹ̀lú omi eérú, ló ń wà nínú ìkòkò aró. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kí ìkòkò tó dára, bí kò bá sì dára, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Sódà oníná àti aró òyìnbó wá dé. Ìkòkò yá, èrè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n sódà ń jó aṣọ. Aṣọ tí oníbàárà rà láti ọ̀nà jíjìn ń já lójú ẹsẹ̀, orúkọ Abẹ́òkúta sì ń bàjẹ́. Aláké fòfin de àwọn kẹ́míkà yìí, àwọn aláró kan kò gbà, ní 1936 ọ̀rọ̀ náà di ariwo títí ìjọba fi ṣe ìwádìí lé e lórí. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Kàmpálà tí gbogbo ayé ń wọ̀ báyìí, àbẹ́là, sódà àti aró òyìnbó ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni síbẹ̀, mo sì ń tà á láìtijú. Ohun tí mo kórìíra ni ti ẹ̀rọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n wá tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa lọ́jà tí wọ́n sì ń pè ní àdìrẹ Ìtòkú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ náà padà. Tí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló rẹ ẹ́, àwọ̀ ẹ̀yìn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ojú dọ́gba. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì funfun. Ẹ wo àwòrán kan náà ní ojú méjì lórí aṣọ: ti ọwọ́ kì í bára mu tán, ìlà kan á nípọn, èkejì á tín-ín-rín, nítorí pé èjìká obìnrin ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tó dé yáàdì kẹrin. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo èékánná ẹni tó ń tà á fún yín. Ìyá kan wà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, tí mò ń pè ní Màmá, aró ti wọ ìdí èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ kankan kò lè bọ́ ọ. Bí mo bá ti ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá, ẹ bá mi dín owó rẹ̀," ó máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí n rí i, kò ní sọ nǹkan kan. N ó san iye tó pè.

Tí ebi bá pa yín, ẹ jẹ láfún pẹ̀lú ewédú, nítorí oúnjẹ Ẹ̀gbá ni. Tí àyè bá gbà yín, ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà nílùú náà, 2017 ni wọ́n ṣí i, ó tóbi, ó mọ́, ẹranko wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ilé Ransome-Kuti náà wà ní Ìṣàbọ̀.

Gbogbo ọdún ni àwọn ilé ìwé wa ní Súrúlérè, Yábàá àti Muṣin ń kó ọmọ lọ sí Olúmọ. Mo máa ń rí bọ́ọ̀sì wọn. Wọ́n á gòkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á mu míníràlì, wọ́n á padà, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọmọ tó ń gbé òpópónà Abẹ́òkúta ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ìdí tí òpópónà rẹ̀ fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, tí ìwé ìrìn-àjò yẹn bá délé, ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà bóyá wọ́n ó yà sí Aké àti Ìtòkú. Bí wọn kò bá ní yà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kún un, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ̀yin àgbà Ẹ̀bùté-Mẹ́ta tí ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ìdílé yín ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, tí ẹ ṣì mọ̀ bóyá Ìgbẹ̀ìn ni baba yín tàbí Ìkijà, Ìjẹmọ̀ tàbí Ìporò, ẹ pe ọmọ kan tó mọ̀wé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu yín lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ fún ìjọ yín ní ọ̀kan, kí ẹ sì gbé èkejì lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì ní Akọka.